Bátìrì ọkọ̀ oníná: ṣé mo lè dá iná rẹ̀ padà sínú wáyà ìjọba ní Ìlọrin?

Ọmọ Adéwọlé | Ọjọ́ Ajé, 8:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Mo nílò ìmọ̀ràn àwọn tó mọ̀ nípa iná. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Toronto fi ọkọ̀ oníná ránṣẹ́ sí mi, Nissan Leaf ọdún 2015. Ó ti wọ èbúté, ó ti dé Ìlọrin, ó wà níwájú ilé mi báyìí. Yúníìtì 24 ni bátìrì rẹ̀ ń gbà nígbà tó ṣì tuntun. Ilé mi kì í jẹ yúníìtì 24 láàárín ọjọ́ mẹ́ta! Gbogbo agbára yẹn kàn ń sùn síta láti ìrọ̀lẹ́ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé títí di àárọ̀.

Mo kà á pé nílùú òkèèrè, ọkọ̀ máa ń dá iná padà sínú wáyà ìjọba, wọ́n á sì sanwó fún ẹni tó ni ín. Ṣé mo lè ṣe é níbí? Tí mi ò bá lè tà á, ṣé mo lè fi dín ohun tí mítà ń jẹ kù? Tí ìyẹn náà ò bá ṣeé ṣe, ṣé ó kéré tán lè gbé fáànù nígbà tí iná bá lọ? Ìyàwó mi bímọ lóṣù tó kọjá. Ooru òru yìí ò dára fún ọmọ, èéfín jẹnẹrétọ̀ tún burú jù ú lọ. Ohun tó wà nídìí ìbéèrè mi gan-an nìyẹn.


Wáyà Sáńgo | Ọjọ́ Ajé, 9:05 alẹ́

Ẹ kú oríire ọmọ, Ọlọ́run á dá a sí. Iṣẹ́ wáyà ni mò ń ṣe, ọdún kejìlá rèé. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ má tíì so nǹkan kan mọ́ ọkọ̀ náà.

Ẹ ṣí ìdérí tó wà ní imú ọkọ̀, ẹ wò ó bóyá ihò kan ni tàbí méjì. Ihò kékeré ni wọ́n fi ń gba iná ilé. Èyí tó tóbi bí ẹnu ife ni wọ́n ń pè ní CHAdeMO. Ihò kékeré ò lè tú iná jáde lára Leaf, torí ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọlé nìkan ló mọ̀. CHAdeMO ló wọ inú bátìrì tààrà, òun ló lè gbà kó sì tún fúnni. Àwọn Leaf kan wà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní S, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jáde nílé iṣẹ́ láìní ihò ńlá yẹn.


Ọmọ Adéwọlé | Ọjọ́ Ajé, 9:20 alẹ́

Ẹ ṣé. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Ihò méjì ni.


Ọmọ Àjàṣẹ́ ní Utrecht | Ọjọ́ Ajé, 10:15 alẹ́

Ẹ kú ilé o. Ohun tí ẹ kà yẹn, òótọ́ ni, ojú mi ló ń rí i níbí. Láti 2025 ni àwọn Renault 5 kan ti wà nígboro Utrecht tí ará àdúgbò jọ ń háyà. Ibi tí wọ́n bá páàkì sí náà ni wọ́n ti ń gba iná tí wọ́n sì ti ń dá a padà.

Èrò náà ti pẹ́. Ní 1997 ni Willett Kempton, olùkọ́ ní Yunifásítì Delaware ní Amẹ́ríkà, àti ẹnìkejì rẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkọ̀ tó bá dúró lè di ibi ìfipamọ́ iná fún ìlú. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì tí òkun sì ya wọ ìlú ní Japan ní 2011, Nissan àti Nichicon, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ iná ní Japan, gbé àpótí kan jáde ní 2012 tó ń fa kílówáàtì 6 jáde lára Leaf fún ilé. Ní oṣù Kejì 2024, ìjì wó àwọn òpó iná ńlá ní Australia. Ọkọ̀ 16 tó wà ní Canberra ló dá kílówáàtì 107 padà sínú wáyà lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò sì sáré lọ tẹ nǹkan kan. Leaf ni wọ́n o, bíi tiyín.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ibi tí owó ti ń wọlé. Lọ́dọ̀ wa níbí, wákàtí sí wákàtí ni iye owó iná ń yí. Lọ́sàn-án tí oòrùn bá mú, sólà wà lórí òrùlé gbogbo ilé, iná á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀fẹ́. Tó bá di agogo 6 ìrọ̀lẹ́ tí kálukú ń dáná oúnjẹ, owó rẹ̀ á gun òkè. Ọkọ̀ á ra iná lọ́sàn-án, á tà á ní ìrọ̀lẹ́. Iye tó wà láàárín méjèèjì ni èrè. Mítà tó mọ èyí tó ń wọlé yàtọ̀ sí èyí tó ń jáde sì wà nílé, ẹni tó ń ta iná ti fọwọ́ sí i. Tí ẹ bá yọ ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, kò lè ṣiṣẹ́.


Ọmọléèwé Tánkẹ̀ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:10 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Mò ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ iná ní Yunifásítì Ìlọrin, mo sì ti jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí fún iṣẹ́ àṣekágbá mi. Ohun tí ẹ̀gbọ́n tó wà ní Utrecht sọ ló kan ojú abẹ níkòó.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lóòjọ́ fún, ń san iye kan náà lọ́sàn-án àti lóru. ₦225 ni yúníìtì kan nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2024, ó wá wálẹ̀ sí nǹkan bí ₦209. Ẹ jẹ́ ká fi ₦209 ṣírò. Tí ẹ bá ra yúníìtì 10 sínú ọkọ̀, ₦2,090 nìyẹn. Díẹ̀ á di ooru nígbà tó ń wọlé, díẹ̀ á tún di ooru nígbà tó ń jáde. Nínú 10, nǹkan bí 8 ló máa padà. Ká tiẹ̀ ní ẹni tó tà á fún yín gbà láti rà á padà ní iye kan náà, ₦1,672 ló máa kàn yín. Ẹ ti pàdánù ₦418, bátìrì yín sì ti gbó díẹ̀ sí i.

Ẹ wá fi epo wé e. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ń mú nǹkan bí yúníìtì kan ààbọ̀ sí méjì jáde nínú lítà bẹntiróòlù kan. Tí lítà bá jẹ́ ₦900, yúníìtì kan ti wọ ₦450 sí ₦600. Iná tí ẹ rà ní ₦209 tó sì gba inú bátìrì kọjá kò ju nǹkan bí ₦261 lọ. Oníbàárà tó máa rà á lówó gidi ni ilé yín fúnra rẹ̀, ní wákàtí tí iná ò sí. Ẹ má wá ẹlòmíràn.


Bàbá Háúwà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:55 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú èmi rí lórí mítà, kí arákùnrin wa má baà kó sí i. Lọ́dún méjì sẹ́yìn ni mo ra inverter sólà kan, irú èyí tó ń so ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ wáyà ìjọba. Ẹni tó bá mi fi í sílé sọ pé iná tó bá ṣẹ́kù lọ́sàn-án á máa bọ́ síta, mítà á sì máa yí padà sẹ́yìn. Inú mi dùn. Ilé a máa dá lọ́sàn-án, èmi wà ní Ọjà Ọba, àwọn ọmọ wà nílé ìwé. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, yúníìtì tí mo fi ń lo oṣù kan ti tán.

Mo rò pé ẹnì kan ń jí iná mi gbé ni. Nígbà tó yá, mo pa gbogbo nǹkan inú ilé ní ọ̀sán gangan, mo dúró síwájú mítà. Ó ń jẹ! Iná sólà mi tó ń jáde síta ni mítà náà ń kà sí èyí tí mo lò. Púpọ̀ nínú mítà àsansílẹ̀ (prepaid) tó wà nílé wa kò mọ àwọlé yàtọ̀ sí àjáde. Iná ṣáà gba inú rẹ̀ kọjá, ó ti gé owó. Èmi ló ń fún wáyà níná, èmi náà ló tún ń sanwó rẹ̀.

Ẹni tó bá mi tún un ṣe fi òrùka kékeré kan mú wáyà àbáwọlé, èyí tó ń sọ fún inverter pé kó má jẹ́ kí iná kankan kọjá síta. Látìgbà náà, ara tù mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé mítà á yí sẹ́yìn.


Ọmọ Adéwọlé | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:30 ọ̀sán

Mo dúpẹ́ gan-an, Bàbá Háúwà. Ó ti yé mi. Mi ò tà mọ́, mi ò sì dá a padà mọ́. Ó ku fáànù ọmọ.


Dẹ̀ẹ̀rọ̀ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:04 ọ̀sán

Ìyẹn ò le rárá. Ẹ ra inverter, ẹ fi wáyà olórí méjì so ó mọ́ súkẹ́ẹ̀tì pálọ̀, gbogbo ilé á tàn. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń fi jẹnẹrétọ̀ mi ṣe é. Tí mo bá rántí, mo máa ń pa ṣíwíìṣì ńlá ẹ̀gbẹ́ mítà. Kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀.


Bàbá Òpó | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:48 ìrọ̀lẹ́

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ láti òkè. Dẹ̀ẹ̀rọ̀ ọmọ mi, jọ̀ọ́, ka èyí tán kí o tó tan jẹnẹrétọ̀ rẹ lálẹ́ òní.

Ọdún 31 ni mo fi gun òpó iná, ní Òmù-Àrán, ní Ìsánlú-Ìsin, ní gbogbo ilẹ̀ Ìgbómìnà, kí n tó fẹ̀yìn tì. Tíráńsífọ́mà àdúgbò yín ò mọ ẹ̀yìn yàtọ̀ sí iwájú. Òun ló ń gba 11,000 fóòtì lórí òpó tó ń sọ ọ́ di èyí tí fíríìjì lè lò. Tí ẹ bá ti iná sí i láti inú ilé, á sọ 230 fóòtì tiyín di ẹgbẹẹgbẹ̀rún padà sórí wáyà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré sábà máa ń kú bí gbogbo àdúgbò bá já lé e lórí, ìyẹn ló ń mú kí ẹ rò pé kò séwu. Àmọ́ tí wáyà bá ti gé nítòsí, tó jẹ́ ilé méjì tàbí mẹ́ta ló ṣẹ́kù sórí rẹ̀, kò ní kú. Wáyà tó gé yẹn gan-an sì ni àwa ń bọ̀ wá tún ṣe.

Lọ́dún kan, àkọ́rọ̀ òjò wó igi lu wáyà ní ìlú kan tí mi ò ní dárúkọ. Wọ́n ti pa iná láti ibi tí wọ́n ń pa á. A pè, wọ́n dáhùn pé ó ti kú. Ilẹ̀ ti ń ṣú, a fẹ́ kí àwọn ènìyàn ríná sùn, a ò sì so wáyà mọ́lẹ̀ kí a tó gùn ún, bẹ́ẹ̀ ó yẹ ká so ó. Ọ̀rẹ́ mi ló gòkè. Èmi ni mo di àkàbà mú. Ó fọwọ́ kàn án, mo sì gbọ́ ìró kan tí mi ò tíì gbàgbé. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ni wọ́n gé. Ó wà láàyè, ó padà sí oko, ọwọ́ kan ló fi ń kọ ebè títí dòní. Nígbà tí a wá ilé tí iná ti wá, jẹnẹrétọ̀ kékeré kan ni, wáyà olórí méjì ni wọ́n fi so ó. Bàbá onílé ò mọ̀ rárá pé òun ṣe nǹkan kan. Ó jókòó sílẹ̀ lójú wa, ó ń sunkún.

Jẹnẹrétọ̀ tilẹ̀ máa ń pariwo. Tí a bá ti gbọ́ ọ ládùúgbò, a máa ń ṣọ́ra. Ọkọ̀ tí ẹ ń sọ yìí ò pariwo. Ẹni tó wà lókè òpó ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọkọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn ju gbogbo nǹkan lọ.


Dẹ̀ẹ̀rọ̀ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:30 alẹ́

Bàbá, ẹ ṣé. Mo ti gé wáyà náà sọ nù. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n fi rọ́pò rẹ̀?


Wáyà Sáńgo | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:12 alẹ́

Changeover ni, Dẹ̀ẹ̀rọ̀. Ẹ má sọ pé ẹ ó máa rántí pa ṣíwíìṣì, torí ọjọ́ tí ènìyàn ò rántí ni nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Changeover ò ní kí ẹnikẹ́ni rántí. Ọ̀pá kan ṣoṣo ló ní. Tó bá kọjú sí wáyà ìjọba, kò lè kọjú sí jẹnẹrétọ̀, tó bá sì wà láàárín, kò kọjú sí èyíkéyìí.

Ọmọ Adéwọlé, ó yá ká wá sọ ti ọkọ̀ yín. Àpótí Japan tí wọ́n dárúkọ lókè yẹn dára, àmọ́ iná ilé Japan ni wọ́n ṣe é fún, 100 àti 200 fóòtì, tiwa sì jẹ́ 230. Púpọ̀ nínú ti Yúróòpù fẹ́ kí wáyà ìjọba wà láàyè kí wọ́n tó fún ilé níná. Bí iná bá lọ, àwọn náà á sinmi.


Ọmọléèwé Tánkẹ̀ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:40 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ yẹn lẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyẹn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ohun tí Bàbá Òpó sọ. Ẹ̀rọ tó bá ń dá iná padà gbọ́dọ̀ máa gbọ́ ìlù wáyà ìjọba, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni ìlù náà ń lù. Tí kò bá gbọ́ ọ mọ́, ó gbọ́dọ̀ pa ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ ò rí i pé ó wá há sí wa lọ́rùn: ìgbà tí iná bá wà, a ò nílò bátìrì; ìgbà tí iná bá lọ tí a nílò rẹ̀, òfin ní kó má jáde. Ẹ̀rọ tó máa gba ilé wa ni èyí tó lè kọ́kọ́ já ilé kúrò lára wáyà pátápátá, kó wá dá ìlù tirẹ̀ lù.

Mo gbàgbọ́ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wáyà náà fúnra rẹ̀ máa nílò ọkọ̀ wa. Kàíńjì àti Jẹ́bà kò jìnnà sí wa, omi ló ń yí wọn, ẹ̀rọ ńlá sì máa ń gba ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó yí ọwọ́ padà nígbà tí ìlù bá ń rọ̀. Bátìrì kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀. Iná tó ń dojú dé lórílẹ̀-èdè yìí, tó dojú dé léraléra ní 2024, irú ìrànlọ́wọ́ kíákíá yẹn wà lára ohun tó ń fẹ́. Èyí ni mò ń kọ́, ìdí sì nìyí tí mi ò fi lè dákẹ́ lórí rẹ̀.


Wáyà Sáńgo | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:15 alẹ́

Àbúrò, Ọlọ́run á jẹ́ kó ṣojú wa. Ní báyìí ná, ọmọ tuntun ń làágùn.

Ọ̀nà tí mo mọ̀ tó ṣeé ṣe lọ́sẹ̀ yìí rèé. Leaf ní bátìrì kékeré 12 fóòtì níwájú bí ọkọ̀ yòówù. Nígbà tí ọkọ̀ bá wà ní READY, ìyẹn tí ẹ ti tàn án tó sì ṣe tán láti rìn, ẹ̀rọ kan wà tó ń fa iná láti inú bátìrì ńlá wá fi kún kékeré yẹn, ó sì lè fún un ní nǹkan bí kílówáàtì kan ààbọ̀. Ẹ ra inverter 12 fóòtì, 1,000 wáàtì, kò gbọdọ̀ tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó jẹ́ pure sine wave, irú èyí tí iná rẹ̀ dà bíi ti wáyà ìjọba. Ẹ so ó mọ́ bátìrì kékeré yẹn pẹ̀lú wáyà 35 mm² tí kò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ. Ẹ fi fíúsì 125 ámpù sí ìdí bátìrì gan-an, kó má jìnnà sí i. Wáyà tó bá nípọn tí kò ní fíúsì lè jó ọkọ̀.

Lára inverter, ẹ fa wáyà kan gba ojú fèrèsé wọ yàrá, kí fáànù àti gílóòbù so mọ́ ọn tààrà. Kó má kan súkẹ́ẹ̀tì ara ògiri rárá. Lọ́nà yẹn, kò sí bó ṣe máa dé òpó.

Wáyà aláwọ̀ ọsàn tí ẹ bá rí nínú ọkọ̀ náà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Èyí tó wà nínú wọn lé ní 350 fóòtì, DC sì ni, iná tààrà irú ti bátìrì. Ó lè pa ènìyàn. Bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ tú bátìrì ńlá yẹn sọ́tọ̀ fún yín lábẹ́ igi, ẹ lé e lọ.


Oníkẹ̀kẹ́ Ìpàtà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:50 alẹ́

Kẹ̀kẹ́ oníná lèmi ní ní tèmi, bátìrì 12 fóòtì márùn-ún ló wà nínú rẹ̀. Ṣé mo lè so inverter 48 fóòtì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ìyàwó mi mọ́ ọn?


Wáyà Sáńgo | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:02 alẹ́

Rárá o. Márùn-ún yẹn jẹ́ 60 fóòtì lórúkọ, tó bá kún á tún lé sí i. Inverter 48 púpọ̀ ò lè gbà á, ó lè jóná. Ẹ wá inverter tí wọ́n kọ 60 sí lára. Ẹ má sì jẹ́ kí ó fà á kọjá ìdajì, torí bátìrì olómi ò fẹ́ràn kí wọ́n fà á gbẹ, kẹ̀kẹ́ sì ni oúnjẹ yín.


Ìyá Ẹlẹ́ja Ọ̀fà | Ọjọ́ Rú, 5:40 àárọ̀

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ẹja dídì ni mò ń tà, fírísà mẹ́ta ni mo ní. Láti oṣù Karùn-ún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, jẹnẹrétọ̀ ló ń jẹ èrè mi. Àbúrò ọkọ mi fẹ́ ra ọkọ̀ oníná, ó ní Hyundai Ioniq 5 ni, ó ní èèyàn lè ki fírísà bọ ara rẹ̀ láìsí inverter. Ṣé òótọ́ ni?

Ohun témi náà mọ̀ rèé, ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ lè gbọ́: fírísà tó kún dẹ́nu, tí wọn ò ṣí, ń tọ́jú òtútù fún ọjọ́ kan gbáko tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iná wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún lóòjọ́ ti tó fún mi. Àlàfo inú rẹ̀ ni ọ̀tá, mo máa ń fi omi inú ọ̀rá kún un.


Ọmọ Àjàṣẹ́ ní Utrecht | Ọjọ́ Rú, 9:30 àárọ̀

Òótọ́ ni, Ìyá wa. Ioniq 5 ní súkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, kílówáàtì 3.6 ló lè gbé jáde. Fírísà mẹ́ta ò tó nǹkan fún un, àmọ́ ẹ má tan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà, torí ìgbà tí fírísà bá ń jí, ó máa ń fa iná ju bó ṣe yẹ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tan ọ̀kan, ẹ sinmi díẹ̀, kí ẹ tó tan èkejì.

Àmọ́ kí a bá ara wa sòótọ́: tó bá jẹ́ nítorí fírísà nìkan ni, ẹ má ra ọkọ̀. Bátìrì lithium yúníìtì 5 tó dúró nílé, pẹ̀lú sólà díẹ̀ lórí òrùlé ṣọ́ọ̀bù, yóò ṣe yín lóore ju ọkọ̀ àbúrò ọkọ lọ, torí ọkọ̀ á jáde lọ́jọ́ tí ẹ nílò rẹ̀ jù.


Ìyá Ẹlẹ́ja Ọ̀fà | Ọjọ́ Rú, 9:52 àárọ̀

Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Òun náà ò sì ní jẹ́ kí n fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.


Bàbá Háúwà | Ọjọ́ Rú, 12:20 ọ̀sán

Ọ̀rọ̀ ooru ńkọ́? Oṣù Kẹta ní Ìlọrin, ilẹ̀ ń yan ẹsẹ̀.


Ọmọléèwé Tánkẹ̀ | Ọjọ́ Rú, 1:15 ọ̀sán

Ìbéèrè gidi nìyẹn, bàbá. Bátìrì Leaf ò ní omi tó ń tù ú, afẹ́fẹ́ lásán ló ń fẹ́ sí i. Ooru ló ń yára gbó o ju ìlò lọ. Ẹ páàkì sábẹ́ igi tàbí bòji, ẹ gba iná lóru, kì í ṣe lọ́sàn-án lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti rìn nínú oòrùn. Ẹ má jẹ́ kó kún 100 kó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, ẹ má sì jẹ́ kó bọ́ sísàlẹ̀ 20 tí kò bá pọn dandan.

Ẹni tó bá sì fẹ́ ra tòkunbọ̀ lẹ́yìn èyí: àmì 12 ló máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú bátìrì Leaf tuntun. Èyí tó kọ́kọ́ kú túmọ̀ sí pé nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ti lọ. Àwọn kan mọ bí wọ́n ṣe ń pa ọpọlọ bátìrì náà rẹ́ kí 12 lè tún yọ fún ìgbà díẹ̀, ẹ ṣọ́ra. Mítà àsansílẹ̀ yín ni ẹlẹ́rìí tí kò ní purọ́. Ẹ jẹ́ kí bátìrì ọkọ̀ náà wálẹ̀ sí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ pa gbogbo nǹkan inú ilé, ẹ kọ iye yúníìtì sílẹ̀, ẹ gba iná títí yóò fi kún, ẹ tún kà á. Ẹ yọ nǹkan bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò fún ohun tó di ooru. Èyí tó kù ló wọ bátìrì.


Ọmọ Adéwọlé | Ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀sẹ̀ kejì, 6:30 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Mo padà wá jábọ̀. Mo ṣe ìdánwò mítà náà: láti 10 dé 100, yúníìtì 16 ló jẹ, ó sì gbà á ní bíi wákàtí mẹ́jọ. Ìyẹn túmọ̀ sí pé yúníìtì 14 ló wọ ọ́, gbogbo rẹ̀ á sì jẹ́ bíi 15 ààbọ̀, kì í ṣe 24. Àmì mẹ́sàn-án ló wà lójú rẹ̀, ó bára mu.

Wáyà Sáńgo wá bá mi so inverter náà fúnra rẹ̀, Ọlọ́run á san án fún un. Fáànù méjì, gílóòbù mẹ́rin àti fóònù: 190 wáàtì. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ tí iná lọ ní agogo 9, a lò ó di agogo 6 òwúrọ̀. Bátìrì ti 82 bọ́ sí 57.


Ọmọléèwé Tánkẹ̀ | Ọjọ́ Jímọ̀, 7:05 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́! Ìṣirò yín kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ kan. Ìdá 25 nínú 15 ààbọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó yúníìtì 4. Ohun tí fáànù àti gílóòbù jẹ kò ju 1.7 lọ. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀, torí pé ó wà lójúfò ní READY, jẹ nǹkan bí ìdajì. ₦261 tí mo kọ lọ́jọ́sí kò bá ọ̀nà 12 fóòtì yìí mu, mo tọrọ gáfárà. Ohun tí òru kan ná yín tó bíi ₦930. Ó ṣì sàn ju jẹnẹrétọ̀ lọ, nítorí òun náà ń jẹun lásán tí ẹrù bá kéré: wákàtí mẹ́sàn-án á fẹ́ tó lítà mẹ́ta ó kéré tán, ìyẹn ₦2,700 tí lítà bá jẹ́ ₦900.


Bàbá Òpó | Ọjọ́ Jímọ̀, 9:10 àárọ̀

Mo yọ̀ fún ọmọ náà. Ìbéèrè kan ló kù lọ́kàn mi. Ṣé wáyà yẹn ṣì wà lọ́tọ̀, àbí ẹ ti so ó mọ́ wáyà ilé?


Ọmọ Adéwọlé | Ọjọ́ Jímọ̀, 9:26 àárọ̀

Ó ṣì wà lọ́tọ̀, bàbá. Àmọ́ ìyàwó mi fẹ́ kí gílóòbù ilé ìdáná náà máa tàn, mo sì ti ní changeover jẹnẹrétọ̀ tẹ́lẹ̀ lára ògiri. A rò pé kí a lo ìyẹn.


Bàbá Òpó | Ọjọ́ Jímọ̀, 9:41 àárọ̀

Kí ẹ tó lò ó, ẹ pa iná pátápátá, kí Wáyà Sáńgo ṣí i wò. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé wáyà méjèèjì ló ń já, èyí tó gbóná àti èyí tó tutù. Mo ti rí púpọ̀ tó jẹ́ pé èyí tó gbóná nìkan ni wọ́n já, tí wọ́n so gbogbo èyí tó tutù pọ̀ sójú kan láti fi dín owó wáyà kù. Èyí tó tutù yẹn náà lè gbé iná jáde dé òpó.


Wáyà Sáńgo | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:20 ìrọ̀lẹ́

Mo ti ṣí i, bàbá. Wọ́n so wọ́n pọ̀ lóòótọ́, ó sì pẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, jẹnẹrétọ̀ ilé náà ti ń gba ibẹ̀ láti ọdún mẹ́rin. Mo yọ ọ́, mo ra oníwáyà méjì tuntun, mo fi síbẹ̀. Mo tan inverter lára ọkọ̀, mo fi ẹ̀rọ ìwọ̀n kan ẹnu wáyà ìjọba méjèèjì: òdo ni.


Ìyá Ẹlẹ́ja Ọ̀fà | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:02 ìrọ̀lẹ́

Wáyà Sáńgo, ẹ jọ̀ọ́, changeover tèmi náà ńkọ́? Ẹnì kan náà ló bá èmi àti aládùúgbò mi ṣe é, kò sì gba owó wáyà púpọ̀ lọ́wọ́ wa nígbà yẹn.


Wáyà Sáńgo | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:10 ìrọ̀lẹ́

Mo ń bọ̀ ní Ọ̀fà lọ́la lẹ́yìn agogo 10, Ìyá wa. Ẹ sọ fún aládùúgbò yín kó dúró dè mí. Kí ẹ̀yin méjèèjì má tan jẹnẹrétọ̀ títí màá fi dé.